Táńjẹ́ǹtì àti arctan: láti igun sí iye, láti iye padà sí igun

Bí ẹ bá mọ igun kan, táńjẹ́ǹtì (tan ni a máa ń kọ) á sọ bí ìlà tó wà ní igun yẹn ṣe ń gòkè tó fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá rìn síwájú. Bí ó bá sì jẹ́ pé gíga àti ìrìn síwájú lẹ mọ̀, tó jẹ́ igun gan-an lẹ ń wá, iṣẹ́ arctan nìyẹn. Iṣẹ́ méjèèjì jọ pé wọ́n dọ́gba, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Ẹ fún tan ní igun kan, ìdáhùn kan ṣoṣo ni yóò fún yín. Ẹ fún arctan ní iye kan, àwọn igun tó bá iye náà mu kò lóǹkà, síbẹ̀ ọ̀kan péré ni yóò mú wá. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí a ń rí, lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló ti ń wá: wọ́n gba ọ̀kan yẹn bí ẹni pé kò sí òmíràn.

Ẹ wá ìwé, rúlà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn igun, àti ẹ̀rọ ìṣirò tó ní bọ́tìnì tan. Bí ẹ bá ń yà á bí ẹ ti ń kà á, á yé yín ju kíkà lásán lọ.

Ẹ̀gbẹ́ wo ni a ń fi pín èwo

Ẹ ya onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan jẹ́ 90° gẹ́lẹ́. Ẹ mú ọ̀kan nínú igun méjì tó kù, kí ẹ kọ θ sí i. Ó kan kí a fún àwọn ẹ̀gbẹ́ lórúkọ:

1. Ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun 90° ló gùn jù. Tan kò lò ó rárá; ẹ fi í sílẹ̀.
2. Ẹ̀gbẹ́ tí kò fọwọ́ kan θ, tó wà ní iwájú rẹ̀ lódìkejì, ni a ó pè ní adojúkọ.
3. Ẹ̀gbẹ́ tó so θ mọ́ igun 90° ni a ó pè ní afaratì.

tan θ = adojúkọ ÷ afaratì.

Ìlà kì í jẹ́ orúkọ yìí títí láé; igun tí ẹ mú ló ń fún un lórúkọ. Bí ẹ bá kúrò ní θ bọ́ sí igun kejì, adojúkọ á di afaratì, afaratì á di adojúkọ. Ẹni tó bá ti há a sórí pé ìlà tó dúró lóòró ni adojúkọ, ọjọ́ tí wọ́n bá dojú àwòrán náà dé ni ìṣirò rẹ̀ máa dàrú. Ẹ wo onígun mẹ́ta tí àwọn ẹ̀gbẹ́ kúkúrú rẹ̀ jẹ́ 5 àti 12. Láti igun tó dojú kọ 5, tan jẹ́ 5 ÷ 12, ìyẹn 0.4167. Láti igun kejì, ó jẹ́ 12 ÷ 5, ìyẹn 2.4. Bí ẹ bá sọ méjèèjì di púpọ̀, 1 gẹ́lẹ́ ni wọn yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà gbogbo: tan (90° − θ) = 1 ÷ tan θ.

Ẹ dán èyí wò. Ẹ fa ìlà 10 sẹ̀ǹtímítà sórí ìwé níbùú. Ní òpin rẹ̀ lápá òsì, ẹ wọn igun 35°, kí ẹ fa ìlà rẹ̀ gòkè. Ní òpin lápá ọ̀tún, ẹ fa ìlà tó dúró ṣánṣán ní 90° títí tí yóò fi pàdé èyí àkọ́kọ́. Ẹ wá fi rúlà wọn ìlà tó dúró ṣánṣán náà: á tó 7 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi 10 pín in, ó di 0.7. Ẹ̀rọ ìṣirò á sọ fún yín pé tan 35° = 0.7002. Ká ní mítà 10 lẹ lò dípò sẹ̀ǹtímítà 10, 0.7 náà ni, torí pé onígun mẹ́ta lè tóbi, ó lè kéré, ìdá tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò ní yí padà níwọ̀n ìgbà tí igun kò bá yí.

Fún ẹni tó ti mọ sáìnì àti kósáìnì: tan θ = sin θ ÷ cos θ. Ibi tí kósáìnì bá ti di òdo, tan kò ní iye níbẹ̀.

Àwọn iye tó yẹ kó wà lórí

tan 0° = 0
tan 30° = 1/√3, bí 0.5774
tan 45° = 1
tan 60° = √3, bí 1.7321
tan 90° kò sí

Ẹ má wulẹ̀ há wọn sórí láìmọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ gé onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba láti kọ̀rọ̀ kan dé kọ̀rọ̀ kejì, ẹ ti rí 45°: adojúkọ àti afaratì jẹ́ bákan náà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 1. Ẹ ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 2, kí ẹ gé e sí méjì láti orí wá sílẹ̀. Ìdajì kan á ní ẹ̀gbẹ́ 1, √3 àti 2, pẹ̀lú igun 30° àti 60°. Iye méjèèjì wà nínú àwòrán yẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé 60° jẹ́ ìlọ́po méjì 30°, ṣùgbọ́n tan rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Tan kì í gòkè ní ìwọ̀n kan náà. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 90°, eré ni ó ń sá: tan 88° jẹ́ 28.64, tan 89° jẹ́ 57.29, tan 89.9° jẹ́ 572.96, tan 89.99° jẹ́ 5729.58.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun: ẹ tẹ tan 45

Ẹ̀rọ ìṣirò lè ka igun ní ọ̀nà mẹ́ta: dígírì (DEG), rédíàn (RAD) àti gírádì (GRAD). Bí ẹ bá tẹ tan 45:

1 gẹ́lẹ́ túmọ̀ sí pé dígírì ló wà.
1.6198 túmọ̀ sí pé rédíàn ló wà.
0.8541 túmọ̀ sí pé gírádì ló wà.

Àyẹ̀wò yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, ó sì ń gbani lọ́wọ́ àṣìṣe tí kò hàn sójú, nítorí ẹ̀rọ kò ní kìlọ̀. Nọ́ńbà ni yóò gbé jáde, nọ́ńbà náà á sì jọ òótọ́.

Nínú Python, JavaScript, C àti Excel, rédíàn ni tan ń gbà, rédíàn náà ni arctan sì ń dá padà. Rédíàn 1 jẹ́ 57.2958°. Bí ẹ bá ní dígírì, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú π, kí ẹ fi 180 pín in, kí ẹ tó gbé e fún ètò. Bí ìdáhùn bá jáde, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 180, kí ẹ fi π pín in. Ẹni tó bá rí 0.7854 níbi tó ti ń retí 45 kò ṣe ìṣirò òdì. Rédíàn ló ń wò.

Ìlà ẹ̀gbẹ́ òbìrí: ìdí tí 90° kò fi ní iye, àti ìdí tí tan fi ń padà wá

Onígun mẹ́ta kò lè gbé wa kọjá 90°. Ká tó lè sọ̀rọ̀ nípa tan 120° tàbí tan −30°, àwòrán mìíràn ni a nílò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibí yìí. Ẹni tó bá ti rí àwòrán yìí kedere kò ní máa há òfin sórí mọ́.

Ẹ fa ìlà x níbùú àti ìlà y lóòró kí wọ́n pàdé ní àárín ìwé. Ẹ fi ibi tí wọ́n ti pàdé ṣe àárín òbìrí tí etí rẹ̀ jìnnà sí i ní 5 sẹ̀ǹtímítà. A ó ka 5 sẹ̀ǹtímítà yẹn sí 1. Níbi tí òbìrí ti kan ìlà x lápá ọ̀tún, ẹ fa ìlà gígùn kan lóòró tó kàn fara kan òbìrí láìgé e wọlé. Kí ó dé òkè ìwé, kí ó sì dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ wá ti àárín òbìrí fa ìlà ní igun tí ẹ bá fẹ́, títí tí yóò fi gún ìlà òòró náà. Gíga ibi tó ti gún un, láti ìlà x, ni tan igun yẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 45°: á gún un ní 5 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn 1. Ní 60°, á gún un ní nǹkan bí 8.7 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn 1.73. Ẹ gbìyànjú 80°, ẹ ó rí i pé ìwé ti tán: 28.4 sẹ̀ǹtímítà ló yẹ kó ga, ìwé A4 lódindi kò sì ju 29.7 lọ, àárín rẹ̀ lẹ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 90°, ìlà yín àti ìlà òòró náà á máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìpàdé láé. Kò sí ibi tí wọ́n ti pàdé, nítorí náà kò sí iye. Ẹ̀rọ ìṣirò á kọ Error. Ètò kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ lè gbé nọ́ńbà bíi 1.633 × 10¹⁶ jáde, torí pé π ÷ 2 tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò pé ojúlówó, ó fi díẹ̀ báyìí dín. Ẹ má gba nọ́ńbà yẹn bí ìdáhùn.

Ó ku àwọn igun tó kọjá 90°. Ìlà 120° dojú kọ apá òsì, kò lè dé ìlà òòró tó wà lápá ọ̀tún. Ẹ fà á sẹ́yìn gba àárín òbìrí kọjá: á gún ìlà òòró náà nísàlẹ̀, ní 1.73 lábẹ́ ìlà x. Nítorí náà tan 120° = −1.7321. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 225°. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, ojú ibi tí 45° ti gún un gan-an ni yóò ti gún un, nítorí ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tan wà níbẹ̀: kò mọ̀ bóyá ìlà ń lọ síwájú tàbí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, gẹ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Lẹ́yìn gbogbo 180°, iye kan náà á padà wá.

Bí ìlà x àti ìlà y bá pín ìwé sí mẹ́rin, tí a kà wọ́n láti òkè ọ̀tún lọ sí òsì, tan ju òdo lọ ní ìpín kìíní àti ìkẹta, ó kéré sí òdo ní ìpín kejì àti ìkẹrin. Sáìnì àti kósáìnì kì í kọjá 1 sókè tàbí −1 sísàlẹ̀; tan kò ní ààlà kankan, ó lè jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí.

Bí ẹ bá fẹ́ ya gíráàfù rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fa ìlà onítótòtó lóòró ní −90°, 90° àti 270°. Ẹ fi àmì sí −60°, −45°, 0°, 45° àti 60°, kí ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ tún yà á bákan náà láàárín 90° sí 270°. Àṣìṣe kan ló wọ́pọ̀ níbí: síso orí ìlà apá òsì mọ́ ìdí ti apá ọ̀tún ní 90°, bí ẹni pé gíráàfù náà já wálẹ̀. Kò já wálẹ̀. Ó gòkè lọ láìlópin, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá.

Arctan: ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀

Nísinsìnyí, ẹ ka àwòrán náà láti ẹ̀yìn. Ẹ fi àmì sí gíga kan lórí ìlà òòró, ká ní 1. Igun wo ló dé ibẹ̀? 45° ni, 225° náà ni, −135° náà ni, 405° náà ni. Kí arctan lè dáhùn, ó ní láti yan ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ìṣirò yan igun tó wà láàárín −90° àti 90°, láìka −90° àti 90° fúnra wọn. Ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀ ni pé gbogbo gíga tó wà lórí ìlà òòró ní igun kan ṣoṣo láàárín wọn, kò sì sí ibi tó ti já. Ká ní wọ́n yan 0° sí 180°, 90° á bọ́ sí àárín gbùngbùn, gíráàfù á sì já síbẹ̀.

Nítorí náà, arctan gba nọ́ńbà èyíkéyìí: arctan 1 = 45°, arctan (−1) = −45°, arctan 1000 = 89.94°. Kò ní fún yín ní 90° láé, kò sì ní fún yín ní 120° láé.

Lórí ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ tẹ SHIFT (tàbí 2nd), lẹ́yìn náà tan. Ohun tí ẹ ó rí lójú ẹ̀rọ ni tan⁻¹. John Herschel, onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba, ló gbé àmì yìí jáde ní 1813, ó sì ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú láti ìgbà náà, torí pé 5⁻¹ jẹ́ 1 ÷ 5, tan⁻¹ x kì í sì ṣe 1 ÷ tan x. Ẹ wo bí wọ́n ti jìnnà síra: tan⁻¹ 2 jẹ́ igun 63.43°, 1 ÷ tan 2° jẹ́ nọ́ńbà 28.64. Àwa fẹ́ràn kí a máa kọ arctan, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í kà.

Òfin méjì wà tó jọra lójú tí wọn kò jọra nínú iṣẹ́. Tan (arctan x) = x, nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n arctan (tan θ) = θ nígbà tí θ bá wà láàárín −90° àti 90° nìkan. Ẹ tẹ tan 150, kí ẹ tẹ arctan ohun tó jáde: −30 lẹ ó rí. 150° ti sọnù, ẹ̀yin lẹ máa fi 180° kún un kó tó padà.

Ibì kan tí arctan ti wúlò lójoojúmọ́ ni ìdagẹ̀rẹ́ ojú ọ̀nà tí a ń kọ ní ìdá ọgọ́rùn-ún. 10% túmọ̀ sí pé ọ̀nà náà gòkè ní mítà 10 fún gbogbo mítà 100 níbùú: arctan 0.1 = 5.71°. Ọ̀pọ̀ rò pé 100% jẹ́ ògiri tó dúró ṣánṣán, 45° ni. 200% jẹ́ 63.43°. Ibi àgùnlọ kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn tí a kọ́ ní 1 sí 12 jẹ́ 8.33%, igun rẹ̀ sì jẹ́ 4.76°. Bí ìdá náà bá kéré, ẹ lè fi 0.573 sọ ọ́ di púpọ̀ láìlo ẹ̀rọ tan: 10% á di 5.73°, ó sún mọ́ra dáadáa. Ní 50%, ọ̀nà ẹ̀bùrú yìí á sọ pé 28.65°, òótọ́ sì jẹ́ 26.57°, nítorí náà ẹ má lò ó kọjá 20%.

Bí a ṣe ń wá gbogbo igun tó bá ìdọ́gba mu

Ìbéèrè: tan θ = −1.5, θ wà láàárín 0° àti 360°.

1. Ẹ tẹ arctan (−1.5) pẹ̀lú àmì ìyọkúrò rẹ̀. Ẹ ó rí −56.31°.
2. Ẹ fi 180° kún un: 123.69°.
3. Ẹ tún fi 180° kún un: 303.69°.
4. Ẹ tún fi kún un: 483.69°, ó ti kọjá ààlà, ẹ dúró.
5. Ẹ yọ èyí tí kò sí nínú ààlà kúrò, ìyẹn −56.31°. Ìdáhùn jẹ́ 123.69° àti 303.69°.

Kò sí ìdí láti máa ronú nípa ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí a ti ń ṣe fún sáìnì. 180° tí a ń fi kún un ti gbé gbogbo rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ tan 2θ = 1, ẹ ṣọ́ra. 2θ ni ẹ kọ́kọ́ ń wá, bí θ bá sì wà láàárín 0° àti 360°, 2θ wà láàárín 0° àti 720°. Ẹ to wọn: 45°, 225°, 405°, 585°. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi 2 pín gbogbo wọn: 22.5°, 112.5°, 202.5°, 292.5°. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pín 45° sí 22.5°, tó wá ń fi 180° kún un, méjì ni yóò rí, méjì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún tan²θ = 3, ẹ rántí −√3 pẹ̀lú √3. Fún tan²θ = tan θ, ẹ má fi tan θ pín apá méjèèjì, torí pé ẹ ó pàdánù 0° àti 180°; ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sí apá kan kí ẹ tó tú u.

Nígbà tí ìtọ́sọ́nà ṣe pàtàkì

Ká ní ẹ wà ní àárín, ohun kan sì wà ní (−3, 4): ìṣísẹ̀ 3 sí òsì, 4 sókè. Apá ibo ló wà? Ẹ pín 4 pẹ̀lú −3, ẹ tẹ arctan, −53.13° á jáde. Igun yẹn ń tọ́ka sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, òdìkejì ibi tí nǹkan náà wà gan-an. Ẹ̀rọ kò ṣe àṣìṣe. Nígbà tí ẹ ti pín 4 pẹ̀lú −3, ẹ ti pa àmì méjì pọ̀ di ọ̀kan, (−3, 4) àti (3, −4) sì ti di nọ́ńbà kan náà. Kò sí bí arctan ṣe lè mọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe: ẹ wo x kí ẹ tó pín. Bí x bá ju òdo lọ, ohun tí arctan sọ tọ̀nà. Bí x bá kéré sí òdo, ẹ fi 180° kún un: −53.13° + 180° = 126.87°. Bí x bá jẹ́ òdo, ẹ má pín rárá: 90° ni bí y bá ju òdo lọ, −90° ni bí ó bá kéré sí òdo. Bí x àti y bá jẹ́ òdo, kò sí ìtọ́sọ́nà kankan níbẹ̀.

Àwọn èdè ìkọ̀tò ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀, atan2. Nínú Python, C àti JavaScript, y ló ń ṣáájú: atan2(y, x). Nínú Excel, x ló ń ṣáájú: ATAN2(x, y). Ẹni tó bá gbé ìlànà láti ọ̀kan lọ sí èkejì láìyí i padà, igun tí yóò rí á jọ òótọ́, kò sì ní jẹ́ òótọ́. Ẹ fi (0, 1) dán an wò kí ẹ tó gbára lé e: x jẹ́ òdo, y jẹ́ 1, ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ 90° (1.5708 ní rédíàn).

Àwọn awakọ̀ òkun àti awọnlẹ̀ kì í ka igun láti ìlà x. Láti àríwá ni wọ́n ti ń kà á, lọ sí ìlà oòrùn. Fún wọn, ẹ fi ìrìn sí àríwá pín ìrìn sí ìlà oòrùn. Ìlà oòrùn 5 kìlómítà, àríwá 2: arctan 2.5 = 68.2°.

Wíwọn gíga láìgun òkè

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, ní Baghdad, Habash al-Hasib, onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò, ti ṣe àtẹ òjìji: gíga oòrùn lápá kan, gígùn òjìji lápá kejì, ohun tí a ń pè ní tan lónìí ló sì wà nínú rẹ̀.

Fún igi tó ga:

1. Ẹ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ wọn ọ̀nà láti ibi ẹsẹ̀ yín dé abẹ́ orí igi náà. Ká ní 20 mítà.
2. Láti ojú yín, ẹ wọn igun láti ibi tó tẹ́jú lọ sí orí igi. Ká ní 35°.
3. 20 × tan 35° = 14.0 mítà.
4. Ẹ fi gíga ojú yín kún un. Bí ó bá jẹ́ 1.6 mítà, igi náà jẹ́ 15.6 mítà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ohun mìíràn ni igi tó tẹ̀: abẹ́ ibi tí orí rẹ̀ wà gan-an ni kí ẹ wọn ọ̀nà dé, kì í ṣe ìdí rẹ̀.

Bí igun yín bá fi 1° ṣìnà, tí ó jẹ́ 36°, gíga náà á di 16.1 mítà. Ó ti fi ìdajì mítà yàtọ̀. Ibi tí ẹ bá dúró sí ló máa sọ bí àṣìṣe náà ṣe máa pọ̀ tó. Ní 45°, àṣìṣe 1° ń mú nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún wá sínú gíga tí ẹ ṣírò. Láàárín 30° sí 60°, kò ju bí ìdá 4 lọ. Ní 10° tàbí 80°, ó ti tó ìdá 10. Nítorí náà, bí orí igi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀gangan orí yín, ẹ sún sẹ́yìn títí igun yóò fi wá sí tòsí 45°.

Bí ẹ kò bá lè dé ìdí ohun náà, bóyá odò wà láàárín, ẹ wọn igun níbi méjì tó wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ká ní ibi tó jìnnà fún yín ní 25°, ẹ wá rìn síwájú ní 30 mítà, igun di 40°. Bí gíga lókè ojú yín bá jẹ́ h, ẹ ti rìn láti h ÷ tan 25° dé h ÷ tan 40°. Ẹ yọ 1 ÷ tan 40° kúrò nínú 1 ÷ tan 25°: 2.1445 − 1.1918 = 0.9527. Ẹ fi í pín 30: h = 31.5 mítà. Ẹ fi gíga ojú kún un, 33.1 mítà.

Níbí, ẹ má dín nọ́ńbà kù kí ìṣirò tó parí. Bí ẹ bá kọ tan 25° ní 0.47, tan 40° ní 0.84, h á di 32.0 mítà. Àwọn nọ́ńbà méjì tó sún mọ́ra ni ẹ ń yọ nínú ara wọn, àṣìṣe kékeré inú wọn sì ń di ńlá.

Ṣíṣe àròpọ̀ arctan

Ìlànà rẹ̀ ni: tan (A + B) = (tan A + tan B) ÷ (1 − tan A × tan B).

Ẹ fi wo arctan ½ + arctan ⅓. Lókè: ½ + ⅓ = ⅚. Nísàlẹ̀: 1 − ⅙ = ⅚. Ó di 1, àròpọ̀ igun méjèèjì sì jẹ́ 45° gẹ́lẹ́.

Ẹ fi wo arctan 2 + arctan 3. Lókè: 5. Nísàlẹ̀: 1 − 6 = −5. Ó di −1, arctan á sì sọ pé −45°. Ṣùgbọ́n arctan 2 jẹ́ 63.43°, arctan 3 jẹ́ 71.57°, 135° ni àròpọ̀ wọn. Bí tan A × tan B bá ti ju 1 lọ, tí A àti B sì ju òdo lọ, ẹ ní láti fi 180° kún un.

Ọ̀nà yìí ni John Machin, onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba, gbà ní 1706 láti ṣírò π dé nọ́ńbà 100. Ẹ lè tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé àti kálámù. Ẹ jẹ́ kí tan A = 1/5. Tan 2A jẹ́ ⅖ ÷ (1 − 1/25), ìyẹn 5/12. Tan 4A jẹ́ 10/12 ÷ (1 − 25/144), ìyẹn 120/119. Ó fi díẹ̀ ju 1 lọ, nítorí náà 4A fi díẹ̀ ju 45° lọ. Mélòó ni díẹ̀ náà? Tan (4A − 45°) = (120/119 − 1) ÷ (1 + 120/119) = 1/239. Ẹ tẹ ẹ́ sínú ẹ̀rọ: 4 × arctan 0.2 = 45.2397°, arctan (1 ÷ 239) = 0.2397°. Ẹ yọ èkejì nínú àkọ́kọ́, 45° ló kù, ìyẹn π ÷ 4 ní rédíàn; ibẹ̀ ni π ti jáde.